Kábúrétọ̀ Kọ́ Ló Ṣẹ̀: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Dísítíbútọ̀ Ọkọ̀ Ìjàpá

Ìwé mẹ́rin ni a mú dáhùn lọ́tẹ̀ yìí. Gbogbo wọn dá lórí ẹ́ńjìnnì Volkswagen tí afẹ́fẹ́ ń mú tutù, ìyẹn ọkọ̀ tí a mọ̀ sí ìjàpá, tí ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975. Àwọn tó ṣì ń gùn ún ní agbègbè wa kò pọ̀ mọ́, àmọ́ àwọn tó kù fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, wọn kì í sì í jẹ́ kí ìbéèrè wọn sinmi.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ìjàpá mi jẹ́ 1600, Solex 34 PICT-3 sì ni kábúrétọ̀ rẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́). Nígbà tí dísítíbútọ̀ (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì) tó bá a wá bàjẹ́, mekáníìkì mi bá mi ra èyí tí wọ́n ń pè ní 009. Láti ìgbà náà, bí mo bá dúró, tí mo sì fẹ́ tún gbéra wọ ojú ọ̀nà Ọba Adésídà, tí mo tẹ tọ́rótù, ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ gbọ̀n bí ẹni pé ó fẹ́ kú kó tó lọ. Mekáníìkì ti fẹ ihò jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ibi tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀, kò sì tán síbẹ̀. Epo tó ń jó ti pọ̀ sí i, púlọ́ọ̀gì sì ń dúdú. Ó ní kí n lọ ra kábúrétọ̀ tuntun. Kí ni ẹ rí sí i? — *Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Òkè-Àró, Àkúrẹ́.*

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó sórí kábúrétọ̀, Ọ̀gá Olùkọ́. Dísítíbútọ̀ ló ṣẹ̀, kábúrétọ̀ ni wọ́n ń nà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ìdí náà bá yé yín dáadáa, ẹ ó lè bá mekáníìkì yín sọ ọ́ láìjẹ́ pé ó di ìjà.

Epo àti afẹ́fẹ́ tó wọnú sílíńdà kì í jó tán lójú ẹsẹ̀. Jíjó náà ń gba àkókò, bó ti wù kí àkókò ọ̀hún kéré tó. Nítorí náà, iná púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ ta kí písítìn tó dé òkè pátápátá, kí agbára jíjó náà lè bá a gẹ́lẹ́ nígbà tó bá ń padà bọ̀ nísàlẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yára sí i ni iná gbọ́dọ̀ máa tètè ta sí i. Irin wíwúwo kéékèèké méjì tó wà nínú ikùn dísítíbútọ̀ ló ń ṣe èyí: bí ọ̀pá àárín rẹ̀ bá ṣe ń yí kíákíá, àwọn irin náà á máa ṣí síta, wọ́n á sì máa ti táímìnì, ìyẹn àkókò tí iná ń ta, síwájú. Iṣẹ́ yìí ni 009 mọ̀ ọ́n ṣe, kò sì mọ òmíràn.

Eré nìkan kọ́ ni ẹ́ńjìnnì ń wò. Nígbà tí ẹ bá rọra fi ẹsẹ̀ lé tọ́rótù, tí ọkọ̀ ń lọ jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ohun tó ń wọnú sílíńdà kéré, kò sì ki, ó sì máa ń lọ́ra láti jó. Irú rẹ̀ ń fẹ́ kí iná tètè ta ju bí àwọn irin wíwúwo yẹn ṣe lè ṣe é lọ. Ìdí tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi fi agolo vákúùmù sí ẹ̀gbẹ́ dísítíbútọ̀ nìyẹn, tí hóòsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì so ó pọ̀ mọ́ ara kábúrétọ̀. Ihò kékeré tí hóòsì náà ti ń fa afẹ́fẹ́ wà lókè ewé tọ́rótù díẹ̀. Bí ewé náà bá ti ṣí bín-ín-tín, afẹ́fẹ́ á fa agolo, agolo á fa pákó kọ́ńtáàtì (kọ́ńtáàtì ni ojú irin tó ń ṣí kí iná lè ta), iná á sì tètè ta lójú ẹsẹ̀, kódà kí ẹ́ńjìnnì tó yára rárá. Bí ẹ bá wá tẹ tọ́rótù mọ́lẹ̀ pátápátá, fífà náà á rẹlẹ̀, táímìnì á sì padà sẹ́yìn, kí ẹ́ńjìnnì má baà jìyà.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín ní oríta. 009 kò ní agolo. Ó ń dúró kí ẹ́ńjìnnì yára kó tó ti táímìnì síwájú, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ́ńjìnnì ń dúró kí táímìnì lọ síwájú kó tó lè yára. Àárín àwọn méjèèjì ni gbígbọ̀n tí ẹ ń rí wà. 34 PICT-3 tiyín tún mú un burú sí i, nítorí pé àkókò tí òfin èéfín ọkọ̀ ń le sí i ní òkè òkun ni wọ́n ṣe é, wọ́n sì ṣe é láti máa fi epo díẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní sìlóò (tó ń ṣiṣẹ́ láìsí ẹsẹ̀ lórí tọ́rótù), nítorí wọ́n mọ̀ pé dísítíbútọ̀ tó ní vákúùmù ni yóò máa bá a ṣiṣẹ́. Àwọn méjèèjì dà bí ìlù àti ọ̀pá rẹ̀; ẹ kò lè pààrọ̀ ọ̀kan kí ẹ sì máa retí ohùn kan náà.

Fífẹ ihò jẹ́ẹ̀tì kò wo àìsàn yìí. Epo tó pọ̀ jù ń fọ òróró kúrò lára ògiri sílíńdà, ó sì ń fi èédú sára púlọ́ọ̀gì. Ihò tí a bá sì ti fi irin gbẹ́ kò ṣeé dá padà, jẹ́ẹ̀tì tuntun ni ẹ ó rà. Fún 34 PICT-3, jẹ́ẹ̀tì ńlá tó bá a wá jẹ́ 127.5, ti sìlóò sì jẹ́ 55. Nọ́ńbà náà wà lára wọn, ẹ fi dígí gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó kí ẹ tó sanwó.

Dísítíbútọ̀ tó yẹ kí ẹ wá ni èyí tó ní irin wíwúwo àti agolo vákúùmù elẹ́nu hóòsì kan, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní SVDA. Irú kan wà tí agolo rẹ̀ ní ẹnu hóòsì méjì, tí wọ́n fi sínú àwọn ọkọ̀ kan láti ọdún 1971. Ẹnu kejì ń fa táímìnì sẹ́yìn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní sìlóò nítorí òfin èéfín. Ó dára bí hóòsì méjèèjì bá wà ní ipò wọn, àmọ́ dígírì 5 lẹ́yìn òkè pátápátá ni a ń ṣètò rẹ̀ sí pẹ̀lú hóòsì lórí, kì í ṣe 7.5 ṣáájú òkè bí ti àwọn tó kù. Mekáníìkì tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè fi òwúrọ̀ kan ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ẹ mú elẹ́nu kan.

Kí n má baà jẹ́ ẹni tó ń bú ohun tó wúlò: 009 ní àyè tirẹ̀. Ẹni tó fi kábúrétọ̀ méjì ńláńlá sórí ẹ́ńjìnnì, tó sì máa ń tẹ tọ́rótù mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kò ní rí vákúùmù tó ṣe déédéé fà, 009 sì bá a mu. Fún ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà àti ilé ìfowópamọ́, owó pọ́ọ́kú rẹ̀ nìkan ló fi dára.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ẹ fi ìka mú rótọ̀, ìyẹn èyí tó wà lórí ọ̀pá àárín, kí ẹ yí i sí ọwọ́ ọ̀tún bí agogo ṣe ń yí, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kó lọ díẹ̀, kí sípíríǹgì sì fà á padà wàrà. Bí ó bá dúró síbi tí ẹ yí i sí, girísì inú rẹ̀ ti gan tàbí kí sípíríǹgì ti já. Lẹ́yìn náà, ẹ mì í sí ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́: bí ọ̀pá náà bá ń jó nínú ihò rẹ̀, ẹ dá a padà fún un, nítorí pé àlàfo kọ́ńtáàtì kò ní dúró sójú kan láéláé. Níkẹyìn, ẹ fi hóòsì mímọ́ sẹ́nu agolo, ẹ fi ẹnu fà á. Ẹ ó rí i tí pákó kọ́ńtáàtì sún. Ẹ fi ahọ́n dí ẹnu hóòsì. Pákó gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀, ahọ́n yín ni yóò sì máa sọ fún yín pé fífà náà ṣì wà. Bí pákó bá yọ́ padà, rọ́bà inú agolo ti ya. Olùtajà lè máa wò yín bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé; ẹ jẹ́ kó máa wò.

Ìbéèrè: Aránṣọ ni mí ní ìlú Oǹdó. Ìjàpá 1300 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo ń gùn. Etí ni mekáníìkì wa fi ń ṣe táímìnì: á yí dísítíbútọ̀ títí ohùn ẹ́ńjìnnì á fi ga jù, á wá dè é mọ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń gun òkè lọ sí Ìdànrè, mo ń gbọ́ ohùn wẹẹrẹ kan tó ń kàn nínú ẹ́ńjìnnì. Ṣé ewu wà níbẹ̀? A kò ní iná táímìnì. — *Aránṣọ kan, Oǹdó.*

Ìdáhùn: Ewu wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe kékeré. Ibi tí ohùn ẹ́ńjìnnì ti ga jù ní sìlóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń kọjá ibi tó yẹ kí táímìnì wà nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Ohùn tí ẹ ń gbọ́ yẹn ni àwọn mekáníìkì ń pè ní nọ́ọ̀kì: epo ń bú gbàù níbi tó yẹ kó ti rọra jó, ó sì ń gbá písítìn lórí nígbà tí písítìn ṣì ń gòkè. Nínú ẹ́ńjìnnì olómi, omi á gbé lára ooru náà lọ. Tiyín kò ní ju afẹ́fẹ́ àti òróró lọ. Títí ẹ ó fi ṣe táímìnì náà, ẹ dín ẹrù kù, kí ẹ sì tètè pa jíà dà sísàlẹ̀ bí ẹ bá ń gòkè, kí ẹ má fi jíà ńlá wọ́ ọ gòkè.

Sílíńdà kẹta ló ń kọ́kọ́ jìyà nínú irú ẹ́ńjìnnì yín, nítorí pé nínú àwọn tó ṣáájú ọdún 1971, tùbọ̀ tó ń mú òróró tutù dúró sójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó ń lọ bá a. Àwọn tó ṣe dísítíbútọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gé ibi tó ń ṣí kọ́ńtáàtì fún sílíńdà náà kí iná rẹ̀ lè pẹ́ díẹ̀ ju ti àwọn mẹ́ta tó kù lọ nínú ọ̀pọ̀ irú wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá wò ó tó sọ fún yín pé kò dọ́gba, kó sì fẹ́ fi fáìlì há a, ẹ gba fáìlì lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ní ẹ̀yìn àti iwájú, a kì í sì í ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Fááfù ló ṣáájú: ní ìdájí, kí ẹ tó tan ọkọ̀ rárá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àlàfo mìlímítà 0.15 sí i. Kọ́ńtáàtì ló tẹ̀ lé e, mìlímítà 0.4 níbi tó ti ṣí jù. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣe kọ́ńtáàtì kí ẹ tó fọwọ́ kan táímìnì, nítorí pé bí àlàfo náà bá fẹ̀ sí i, kọ́ńtáàtì á tètè ṣí, táímìnì á sì ti lọ síwájú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí ohunkóhun.

Ó wá kan púlì, ìyẹn irin rìbìtì tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé gígé tí ẹ bá bá lára rẹ̀, torí pé ohun tó túmọ̀ sí yàtọ̀ láti ọdún sí ọdún, púlì ọkọ̀ míràn sì lè ti wọ inú tiyín. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì sílíńdà kìíní, èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ní apá iwájú ọkọ̀, kí ẹ sì wá ibi tí písítìn ti dé òkè pátápátá, kí rótọ̀ sì kọjú sí àmì tó wà létí dísítíbútọ̀. Ẹ fi ọ̀dà funfun sàmì sí púlì níbi tó kọjú sí ojú ìsopọ̀ àárín ẹ́ńjìnnì. Nísinsìnyí, ẹ mú téèpù tí ẹ fi ń wọn aṣọ. Ẹ yí i ká etí púlì, kí ẹ sì pín ohun tí ẹ bá rí sí ọ̀nà 12: ìdá kan nínú rẹ̀ ni dígírì 30. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìyẹn sì ni dígírì 7.5. Láti ara àmì àkọ́kọ́, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ wọn méjèèjì sí bí ẹ bá dúró lẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹ sì sàmì sí wọn. Ẹ̀yin aránṣọ á ṣe é dára ju mekáníìkì lọ.

Iná gílóòbù kékeré oní fóltì 12 tó fún yín láti ṣe ìyókù. Ẹ so ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mọ́ ibi tí wáyà dísítíbútọ̀ ti wọ kọ́ìlì, kí ẹ so èkejì mọ́ irin ọkọ̀. Ẹ yí púlì sọ́wọ́ ọ̀tún títí àmì 7.5 á fi kọjú sí ojú ìsopọ̀, kí rótọ̀ sì tún kọjú sí àmì etí dísítíbútọ̀, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì tó di ọrùn dísítíbútọ̀ mú. Ẹ kọ́kọ́ yí ara rẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún títí gílóòbù á fi kú, lẹ́yìn náà kí ẹ rọra dá a padà sọ́wọ́ òsì. Ibi tí gílóòbù bá ti tàn gẹ́lẹ́ ni kí ẹ dì í mú.

Àmì dígírì 30 ń dúró de ọjọ́ tí ẹ bá yá iná táímìnì gidi. Bí dísítíbútọ̀ yín bá ní irin wíwúwo, ẹ yọ hóòsì vákúùmù, ẹ dí i, kí ẹ sì tẹ ẹ́ńjìnnì kọjá ìyípo 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Táímìnì gbọ́dọ̀ dúró láàárín 28 sí 32. Àwọn 1300 àtijọ́ kan kò ní irin wíwúwo rárá, vákúùmù nìkan ni wọ́n ń lò, rótọ̀ wọn kò sì ní yí fún yín bí ẹ bá yí i. Ìdánwò 30 kò kan irú wọn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ sí 7.5, kí ẹ má sì gba kábúrétọ̀ tó yàtọ̀ sí èyí tó bá wọn wá.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ọkọ̀ mi ń kú bí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ̀ bá to jọ ní Ọjà Ọba. Wọ́n ti ṣe táímìnì, wọ́n sì ti fọ kábúrétọ̀. 34 PICT-3 ni. — *Ìyá oníṣòwò kan, Àkúrẹ́.*

Ìdáhùn: Ẹ kú ọ̀rọ̀ ajé, Mà. Wáyà kan wà tó wọ ẹ̀gbẹ́ kábúrétọ̀ níbi irin rìbìtì kékeré kan. Irin náà ló ń ṣí epo sìlóò nígbà tí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan yọ wáyà náà kó sì fi í padà. Ó gbọ́dọ̀ dún tẹ́ẹ́. Bí kò bá dún, ẹ ti rí arúfin, owó rẹ̀ kò sì pọ̀.

Bí ó bá dún, ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ wọlé. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ fi òróró ẹ́ńjìnnì kun ibi tí ọ̀pá tọ́rótù ti wọ ara kábúrétọ̀ lọ́tùn-ún lósì, àti ìdí rẹ̀ níbi gásíkẹ́ẹ̀tì. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, ibẹ̀ ló ń jò. Ọ̀pá tó ti jẹ ihò rẹ̀ tóbi kò ní gbọ́ ti súkúrù kankan. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da pẹtiróòlù sí i láti fi wá a, bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Iná ni wọ́n ń pè.

Ìgbà tí èyí bá dára tán ni a tó lè fọwọ́ kan súkúrù. Àwọn méjì ló wà pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ńlá kan àti kékeré kan, wọ́n sì yàtọ̀ sí èyí tó ń ti apá tọ́rótù. Èyí tó ń ti apá tọ́rótù ni àwọn mekáníìkì máa ń fẹ́ fi gbé sìlóò sókè, òun gan-an ni kì í ṣe fún iṣẹ́ yẹn: kó kàn án, kó fi ìdá mẹ́rin ìyípo kan lé e, kó dúró. Bí ó bá ti ewé tọ́rótù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ihò vákúùmù á ṣí ní àkókò tí kò yẹ, táímìnì á sì dàrú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dé súkúrù kékeré jẹ́jẹ́ títí yóò fi kan ìdí, kí wọ́n tú u síta ní ìyípo méjì ààbọ̀. Kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí wọ́n fi súkúrù ńlá mú ìyípo wá sí bíi 850. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n yí kékeré díẹ̀díẹ̀ wá ibi tí ẹ́ńjìnnì ti yára jù, kí wọ́n sì dé e padà títí ìyípo á fi dín ní 20 sí 30. Kí wọ́n fi ńlá dá a padà sí 850.

Ìbéèrè: Ṣé ó yẹ kí n yọ kọ́ńtáàtì dànù, kí n fi electronic ignition sínú dísítíbútọ̀ mi? — *Akẹ́kọ̀ọ́ kan, FUTA.*

Ìdáhùn: Ó yẹ, bí dísítíbútọ̀ náà bá dára. Kò ní sí kọ́ńtáàtì tó ń jẹ, àlàfo kò sì ní máa yí padà. Àmọ́ kò ní tún irin wíwúwo tó ti gan ṣe, kò sì ní fún 009 ní agolo vákúùmù. Ọ̀nà tí táímìnì ń gbà lọ síwájú kò yí padà rárá. Wáyà pupa ń lọ sí ojú ààmì àròpọ̀ kọ́ìlì, dúdú ń lọ sí ojú ààmì àyọkúrò. Bí ẹ bá gbé wọn sódì, ó lè jó lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì ṣí kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ láìtan ẹ́ńjìnnì torí pé ẹ fẹ́ gbọ́ rédíò. Bó bá sì kú, kì í fúnni ní àmì kankan ṣáájú, nítorí náà ẹ tọ́jú kọ́ńtáàtì àti kọ̀ńdẹ́ńsà àtijọ́ pẹ̀lú sukudiráfà kan sínú ọkọ̀.